Kí Ló Dé tí Àwo Orin Àtijọ́ Kì í Fi Dún Bó Ṣe Yẹ Lórí Sípíkà Òde Òní?

Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Abuja, Kaduna, Kano àti Jos ló ṣì ní páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí àwo orin bàbá tàbí ti bàbá àgbà wà nínú rẹ̀: jùjú, àpàlà, sákárà, fújì ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, orin ìjọ. Àwọn ọmọ ti ń gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀ báyìí. Wọ́n á ra ẹ̀rọ tó ń lu àwo, tàbí kí wọ́n nu eruku ara èyí tó ti wà nílé, wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ sípíkà Bluetooth, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ohun tí wọ́n máa gbọ́ kì í jọ ohun tí wọ́n ń rántí. Ohùn á lọ sílẹ̀, á tín-ín-rín bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo, ìlù á sì dàwátì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé àwo ti bàjẹ́, tàbí pé adùn tí àwọn àgbà ń ròyìn kò fìgbà kan sí.

Lọ́pọ̀ ìgbà, àwo kò bàjẹ́, àwọn àgbà kò sì parọ́. Láti ojú àwo dé etí wa, nǹkan bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, adùn á bá a lọ. Èyí tó sì ń yẹ̀ jù lọ, ojú kì í rí i.

Iná tó kéré ju bí a ṣe rò lọ

Poro kan ṣoṣo ló wà ní ojú kọ̀ọ̀kan àwo, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó ń yí po títí dé ìdí bébà àárín. Ẹ̀gbẹ́ poro yìí kò tẹ́jú. Bí orin ṣe rí ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ ń tọ inú rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kátíríìjì tó wà lórí abẹ́rẹ́ ló sì ń sọ ìgbọ̀n náà di iná.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dára, kátíríìjì náà jẹ́ ti mágínẹ́ẹ̀tì. Iná tó ń tì í wá kò ju mílífóòtì 3 sí 5 lọ, ìyẹn ni pé bí a bá pín fóòtì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, mẹ́ta sí márùn-ún péré ni. Ihò AUX ara sípíkà ń retí nǹkan bíi mílífóòtì 300 sókè. Ẹ rí i pé kò sí bí ẹ ṣe lè yí ohùn sókè tó tí yóò fi tó.

Bó bá jẹ́ kíkéré nìkan ni, ìbá rọrùn. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín béèsì kù, wọ́n sì gbé ohùn tín-ín-rín ga. Ìdí méjì ni. Béèsì máa ń mú kí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ àwo fì jìnnà. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, poro á fẹ̀ jù, orin ìṣẹ́jú 20 kò sì ní gba ojú àwo kan. Ohùn tín-ín-rín ní tirẹ̀ kéré débi pé ariwo ara àwo lè bò ó mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sókè kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ọdún 1954 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà, RIAA, fi ẹnu kò sórí ìwọ̀n kan ṣoṣo fún iṣẹ́ yìí, èyí tí ó wá di ti gbogbo ayé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní 20 Hz (ìyẹn ìgbọ̀n ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan), béèsì á kéré ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ní òkè, ní 20,000 Hz, ohùn á ga ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lẹ́nu kátíríìjì ló gbọ́dọ̀ dá a padà sípò. Ẹ̀rọ náà ni à ń pè ní preamp phono. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń sọ mílífóòtì 5 di nǹkan bí ìdajì fóòtì, ó sì ń dá béèsì padà.

Bí ẹ bá fò ó, ẹ ó ṣì gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, nítorí òkè ni ohùn wọn wà. Agídìgbo inú àpàlà á pòórá. Gìtá béèsì inú jùjú á pòórá. Ìyá ìlù á ku ojú awọ tó ń ta péú, ikùn rẹ̀ kò ní sí mọ́. Orin wa sì nìyí, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti ń rìn! Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ dá àwo lẹ́jọ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín. Bí súìṣì kékeré kan bá wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ PHONO sí apá kan, LINE sí apá kejì, preamp ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tì í sí LINE bó bá jẹ́ AUX ni ẹ fẹ́ so ó mọ́. Ẹ tì í sí PHONO bí amplifáyà yín bá ní ihò tí wọ́n kọ PHONO sí. Ẹ má lo LINE pẹ̀lú ihò PHONO, nítorí pé preamp méjì ló máa ṣiṣẹ́ lórí ohùn kan náà nígbà náà: béèsì á wú, ohùn á máa ya, sípíkà sì lè jó. Bí kò bá sí súìṣì, tí amplifáyà kò sì ní ihò PHONO, ẹ ra preamp lọ́tọ̀, kí ẹ wò ó pé MM, ìyẹn àmì irú kátíríìjì mágínẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀, wà lára rẹ̀. Wáyà pupa àti funfun láti ara ẹ̀rọ á wọ INPUT rẹ̀, òmíràn á ti OUTPUT lọ sí AUX. Iná kátíríìjì tí wọ́n kọ MC sí, ìyẹn irú mágínẹ́ẹ̀tì kejì, kò tó ìdá mẹ́wàá ti MM nígbà míì, preamp tó ní MC nìkan ló lè gbé e.

Bí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán tí ẹ wá ń gbọ́ ùùùn kan tí kò dákẹ́, ẹ wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kẹta tó ti ara ẹ̀rọ jáde, tó ní irin bí àmúga lórí. Síkúrúù GND ní ẹ̀yìn preamp tàbí amplifáyà ló ń lọ. Àwọn kan ń lọ so ó mọ́ wáyà ilẹ̀ inú ògiri. Ìyẹn a máa dá kún ùùùn náà ni. Bí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá sọ̀rọ̀, ẹ tú orí apá ẹ̀rọ, wáyà mẹ́rin bí irun wà níbẹ̀: funfun àti búlúù jẹ́ ti òsì, pupa àti àwọ̀ ewé jẹ́ ti ọ̀tún. Ẹ fi ẹ̀mú fà wọ́n jáde, ẹ nu ibi tí wọ́n ti ń fara kan irin, kí ẹ sì dá wọn padà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, òun ló sì máa ń yanjú ọ̀ràn náà jù lọ.

Ti rédíògíràmù yàtọ̀

Rédíògíràmù àti chénjà (ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ àwo fúnra rẹ̀) tí àwọn bàbá wa rà láàárín 1960 sí 1980, púpọ̀ nínú wọn kò ní mágínẹ́ẹ̀tì. Kátíríìjì ceramic ló wà lára wọn. Ẹ lè fi irin kékeré kan dá a mọ̀, èyí tí wọ́n ń yí láti fi pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí LP (àwo ńlá tó ń yí ní 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan) tàbí 78 (àwo àtijọ́ tó ń yí ní 78). Iná tirẹ̀ pọ̀, ó ń lọ sí mílífóòtì ọ̀rọ̀ọ̀rún, fún ìdí èyí kò fẹ́ preamp phono rárá. Ohun tó fẹ́ ni ihò tí kì í fa iná mọ́ ọn lọ́wọ́: ìdènà iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi mẹ́gáómù kan. AUX lásán kò tó bẹ́ẹ̀, béèsì á tún sọnù, láti ọ̀nà mìíràn. Bí amplifáyà ara rédíògíràmù bá ti kú, ihò tí wọ́n kọ Hi-Z tàbí INSTRUMENT sí lára míkísà ìjọ, ìyẹn ihò gìtá, sábà máa ń bá a mu.

Àwọn kan tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kátíríìjì kirísítà. Iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Rochelle ló wà nínú rẹ̀. Bí ooru bá kọjá nǹkan bíi 55 °C, tàbí tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, ó ti kú nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe. Ceramic ni ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ki rédíògíràmù tó ti wà nílẹ̀ láti ogún ọdún bọ iná tààrà. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ. Ó lè bú, ó sì lè sun tíráńsífọ́mà tí ẹ kò ní rí irú rẹ̀ rà mọ́. Onírédíò tó mọṣẹ́ máa ń fi gílóòbù onírin, 60 tàbí 100 wọ́ọ̀tì, sí ojú ọ̀nà iná náà kí ó tó tàn án: bí gílóòbù bá tàn gan-an tí kò wálẹ̀, ohun kan ti kan ara wọn nínú. Gílóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ sì rántí pé rédíò onítúùbù lè di fóòtì 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ mú sínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò níná. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó má tọwọ́ bọ ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà dé

Bí àwọn ará ilé bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, a máa ra tíráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 110, a ó sì rò pé ó parí. Fóòtì nìkan ni tíráńsífọ́mà ń yí padà. Iná Amẹ́ríkà ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa 50 ni. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé iye yìí máa rọra yí níbí. Àwo tó yẹ kó yí ní 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan á yí ní 27.8 péré. Ohùn á wálẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ dùùrù mẹ́ta lọ, tí ẹ bá ka funfun pẹ̀lú dúdú. Akọrin á wúwo lóhùn, gángan á máa fà, orin ìṣẹ́jú 20 á gba 24.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀: ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí pèpéle tó ń yí, kí ẹ ka iye ìgbà tó kọjá níwájú yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá jẹ́ 100, ó pé. Bó bá jẹ́ 83, ẹ̀rọ 60 Hz ni ẹ ní lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ 97 tàbí 98, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́líìtì ti tú, tàbí epo ìdí òpó àárín ti dì.

Oògùn 83 wà nínú púlì, irin róbótó orí mọ́tò tí bẹ́líìtì ń yí lé. Bí wọ́n bá ṣe òmíràn tí ó fi ìdá márùn-ún tóbi sí i, tó jẹ́ pé mílímítà 10 á di 12, ìyára á padà sípò. Àwọn tó ń gbẹ́ irin ní Pantẹ́kà ní Kaduna lè ṣe é bí ẹ bá gbé ògbólógbòó rẹ̀ lọ. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí bó bá wọ́, ohùn á máa lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ Direct Drive àti Quartz sí kò nílò èyí, fóòtì tó tọ́ ni ó fẹ́. Àwọn chénjà Garrard àti BSR tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Grundig ti Jámánì, 50 Hz ni wọ́n bá wá, kò sí wàhálà.

Ohun kan náà ló ń mú kí orin máa mì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ń ṣiṣẹ́: bí fíríìjì bá ti gbéra, jẹnẹrétọ̀ á fà sẹ́yìn, àwo á fà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ní ti inverter, èyí tí kì í ṣe pure sine wave máa ń mú kí mọ́tò kùn, kí amplifáyà sì máa hùn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà.

Ọyẹ́ àti eruku

Níhìn-ín ni ará Àríwá ti ní iṣẹ́ ju ará Èkó lọ. Láti November sí February, ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wọlé, ó sì gbẹ débi pé àwo dúdú á kó iná ara. Bí ẹ bá kàn yọ ọ́ nínú àpò, eruku á fò lé e. Eruku yìí kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán. Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì máa ń fi í ha ògiri poro. Ariwo tátátá tó bá ti wọ ibẹ̀, kì í jáde mọ́.

Nítorí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ gbígbẹ. Ẹ po omi àtúngbẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń kún bátìrì, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọ-abọ́ kan tàbí méjì nínú lítà kan. Ẹ kà á lára ìgò kí ẹ tó rà á, torí áásìdì bátìrì náà wà lórí àtẹ kan náà. Omi kànga dẹrọ kò dára, iyọ̀ inú rẹ̀ á gbẹ sínú poro. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ bọ inú omi náà, ẹ nu àwo lọ yíká, ní ọ̀nà tí poro gbà, kì í ṣe láti àárín síta. Kí omi má kan bébà àárín. Ẹ fi omi àtúngbẹ́ tí kò lọ́ṣẹ ṣan án, ẹ gbé e dúró nínú agbeko abọ́ kí ó gbẹ, ẹ sì fi í sínú àpò tuntun. Àpò àtijọ́ ti kún fún eruku.

Àwo 78, èyí tó wúwo tó sì ń fọ́ bíi tánganran, jẹ́ shellac. Ọtí líle yóò yọ́ ọ. Omi ọlọ́ṣẹ kíákíá, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Poro rẹ̀ fẹ̀, abẹ́rẹ́ tó tó 0.076 mílímítà lẹ́nu ló fẹ́. Ti LP sítẹ́ríò jẹ́ 0.018, bí ẹ bá fi ìyẹn lu 78, ìsàlẹ̀ poro ni yóò máa wọ́, ariwo nìkan ni ẹ ó sì máa gbọ́.

Àwo gbọ́dọ̀ dúró ni, kó má dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, kó má sì sún mọ́ ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù. Wákàtí kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n pa sí oòrùn Abuja nínú oṣù March tó láti ká àwo lápá.

Ìwúwo abẹ́rẹ́

Àwọn ènìyàn máa ń fi kọ́ìnì lé orí apá bí abẹ́rẹ́ bá ń fò. Ẹ yé e ṣe! Ohun tó ń mú un fò ni eruku, abẹ́rẹ́ tó ti gbó, tàbí apá tí wọn kò tò. Ẹ yí ìwọ̀n ẹ̀yìn apá títí apá yóò fi léfòó gbọọrọ láìgùn láìsọ̀, ẹ gbé nọ́ńbà rẹ̀ sí òdo, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i dé iye tí a kọ fún kátíríìjì náà. Gíráàmù 1.5 sí 2 wọ́pọ̀ fún mágínẹ́ẹ̀tì, ceramic a máa gbà tó 4 sí 6. Ẹ gbé anti-skate, ìyẹn bọ́tìnì tó ń dènà kí apá máa fà sí àárín àwo, sí nọ́ńbà kan náà. Kí ó fúyẹ́ jù kì í ṣe àánú fún àwo: abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù á máa ta nínú poro, á máa gbá ògiri rẹ̀, ó sì ń ba àwo jẹ́ ju èyí tó fi díẹ̀ wúwo lọ. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì ń lo wákàtí 500 sí 1,000. Sàfáyà tó wà lára ọ̀pọ̀ chénjà kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 50 ni.

Kásẹ́ẹ̀tì kò le tó bẹ́ẹ̀. Philips gbé e jáde ní 1963, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ téèpù, rọ́bà kékeré ń ti téèpù jáde ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó ká a kò yí, nítorí bẹ́líìtì ti tú. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì. Bí ohùn bá ṣú, ẹ fi isopropyl tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò nu hẹ́ẹ̀dì. Sípíríìtì aláwọ̀ pọ́pù ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ṣú, ẹ wo àárín ẹnu rẹ̀: fóòmù kékeré tó ń ti téèpù mọ́ hẹ́ẹ̀dì ti lè já bọ́. Ẹ tú síkúrúù márùn-ún rẹ̀, kí ẹ kó téèpù náà sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó dára.

Ṣé ó dùn ju ti òde òní lọ lóòótọ́?

Bó bá jẹ́ ti ìmọ́tótó ohùn, CD tó jáde ní 1982 dákẹ́ ju àwo dúdú lọ. Àwo ní àléébù tí kò ṣeé wò sàn: ní etí rẹ̀, poro ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 51 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítòsí àárín, ó ti di 21. Ohùn tín-ín-rín á fún pọ̀ níbẹ̀, á sì máa ya díẹ̀. Nínú jùjú tí wọ́n so orin pọ̀ láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ojú kan, ibẹ̀ gan-an ni ijó ti máa ń gbóná.

Síbẹ̀, ẹni tó ní àwo tó mọ́ lórí ẹ̀rọ tí a tò dáadáa máa ń gbọ́ ohun tí fóònù kò fún un, ìdí rẹ̀ kò sì ní idán nínú. Ọ̀pọ̀ orin wa àtijọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni wọ́n ti gbà á, nígbà míì pẹ̀lú ìyára tí kò pé, wọ́n sì tún fún un pọ̀ kí ó lè kéré. Àwo yín lè sàn jù ú lọ fíìfíì.

Nítorí èyí, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà. So preamp mọ́ ẹ̀rọ USB tó ń gba ohùn, lo WAV, 24 bit, 48 kHz, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi tó pariwo jù má dé òkè ìwọ̀n: ẹ fi àyè 6 dB (ìwọ̀n agbára ohùn) sílẹ̀. Ẹ gba ojú kan tán pátápátá kí ẹ tó dá a dúró. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ariwo kúrò, ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí a kò fọwọ́ kàn, nítorí ẹ̀rọ tó ń yọ tátátá máa ń ṣi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mú fún ìdọ̀tí. Kí ẹ sì ya fọ́tò bébà àárín méjèèjì, kí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ hàn kedere, pẹ̀lú èyí tí wọ́n há sí ara àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà náà. Nọ́ńbà méjì yìí la fi ń mọ ìgbà tí wọ́n tẹ àwo àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́.